Agogo Méjì Lábẹ́ Aṣọ Kan

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni a hú agogo méjèèjì jáde lẹ́yìn ilé iṣẹ́ Pa Njikam. Ọwọ́ lásán ni Ndam fi wa ilẹ̀ náà, kò jẹ́ kí ọkọ́ súnmọ́ ọn. Mo dúró tì í, mo fi etí ìborùn bo imú nítorí òórùn ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n dà sí kòtò. Ó gbé èkíní sórí àpò, ó gbé èkejì tì í, ó bu omi lé wọn lórí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nù wọ́n. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń wo ojú ọkùnrin yìí. Mo mọ bó ṣe ń rí nígbà tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì á kọ́kọ́ jìn. Mo mọ bó ṣe ń rí tó bá ń jowú tí kò fẹ́ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Èwo ni tilé wa?" mo bi í.

Ó yí èkíní sí òsì, ó yí èkejì sí ọ̀tún. Ó tún yí wọn padà.

"Ndam, mo ní èwo ni tilé wa?"

"Rọra, Rahi. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ ná."

Wọ́n gbẹ. Oòrùn Fumban ìlú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi nǹkan tútù sílẹ̀ pẹ́. Agogo idẹ méjì ló wà níwájú wa. Èyí ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ìyẹn náà ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ejò olórí méjì ló lọ́ mọ́ ibi tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú lára èyí, òun kan náà ló lọ́ mọ́ tìyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì, dúdú níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí ìyá bàbá mi. Ọ̀kan yòókù, Ndam ló dà á lóṣù tó kọjá.

Ọ̀la ni wọn yóò fọ agogo ilé wa. Ọ̀tunla ni bàbá mi yóò lù ú.

Kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kí n tó sọ ti ẹlòmíràn. Èmi ni mo gbé agogo náà jáde nílé.

Bàbá bàbá mi kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Njí ni oyè ilé wa, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni olórí gbogbo ìdílé, láti orí ọmọ ọwọ́ dé orí arúgbó. Bàbá mi, Muliom, ló kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jókòó, àwọn ìránṣẹ́ Mfọn ọba wa á wá láti ààfin, bàbá mi á fa agogo yọ lábẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bò ó, á lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ìdílé á sì dáhùn. Kò sí agogo, kò sí Njí. Bí ọwọ́ bàbá mi bá ṣófo lọ́jọ́ náà, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kutaba ni wọn á gbé oyè náà fún, ọkùnrin tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń ka ìgbésẹ̀ bàbá mi bóyá yóò ṣubú. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni agogo náà sì ní: irin kò gbọdọ̀ kàn án. Igi ni wọ́n fi ń lù ú, aṣọ ni wọ́n fi ń nù ún. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ojú rẹ̀ délẹ̀, bàbá bàbá mi, ó sì ti gbé ojú yẹn wọ sàréè. Àwa yòókù, aṣọ dúdú la mọ̀.

Èmi ni mo ń gbá yàrá rẹ̀. Kò ṣòro fún mi rárá.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin tó ti nífẹ̀ẹ́ rí ti mọ̀. Ọdún méje ni Ndam fi wà lábẹ́ Pa Njikam, arákùnrin ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ idẹ. Pa ti sọ fún un pé kò ní dá iná tirẹ̀ títí tó fi máa gbé ohun kan wá tí òun wò ní iwájú àti ẹ̀yìn tí òun kò rí àléébù. Bàbá mi náà ti sọ tirẹ̀, nígbà tí ẹnìkan ta á lólobó nípa àwa méjèèjì. Ó ní, "N kò fi ọmọ fún ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì fún ẹlòmíràn." Báyìí ni iná tí Ndam kò tíì ní ṣe dúró láàárín wa bí odi.

Nílùú wa, idẹ la fi ń wọn ènìyàn. Ara obìnrin bá ń dán, ara idẹ ni. Ohùn ẹnìkan bá ń lọ jìnnà, ọ̀fun idẹ ni. Ẹni tí wọ́n bú lójú ọjà tí ojú kò tì, wọ́n á ní ó fi idẹ ṣe iwájú orí. Ndam máa ń sọ pé ọrùn mi ni òun fi ń mọ ìgbà tí idẹ bá jinná nínú iná, pé tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí ọrùn Rahimatu, kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ inú mi á ti yọ́ bí ìda oyin.

Lọ́jọ́ tó wá sọ pé tí òun bá lè rí agogo ilé wa fún ọjọ́ kan péré, òun á dà á débi pé Pa Njikam fúnra rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, mo gbé e fún un. Mo kó agolo mílíìkì méjì sábẹ́ aṣọ dúdú kí ó lè ga tó bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe ìrísí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyẹn rọrùn. Ohùn ni. Ó fi ìda mọ ìrísí agogo, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi amọ̀ bò ó, ó fi iná yọ́ ìda náà kúrò, ó da idẹ sí àyè rẹ̀, ó lù ú, kò dún bó ṣe fẹ́, ó fọ́ ọ padà sínú iná. Ó tún da òmíràn, ó tún fọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló pè mí. Ó ní kí n di ojú. Ó lu ọ̀kan, ó lu èkejì, ó ní kí n sọ èyí tó jẹ́ tilé wa.

"Èyí tó kẹ́yìn," mo wí.

"Tèmi nìyẹn."

Ó gbé mi sókè yí ilé iṣẹ́ náà ká, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wàhálà wa la ń pàtẹ́wọ́ fún.

Lọ́jọ́ kejì, Pa rán an lọ sí Bafusam láti lọ ra idẹ àlòkù, ẹnu ẹ̀rọ omi, àgádágodo, ìkarahun ọta ìbọn. Ó di agogo méjèèjì sínú àpò kan, ó gbé e ti ògiri, ó ní kí n wá mú tiwa tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ògiri yẹn ni àṣìṣe rẹ̀. Ìdí ògiri yẹn ni wọ́n ń kó gbogbo idẹ tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sùn sí. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Òyìnbó tó ń wá sí òpópó àwọn oníṣẹ́ ọnà kì í ra idẹ tó ń dán, ohun àtijọ́ ló ń fẹ́. Nítorí náà wọ́n á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa idẹ lára, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á jáde bí ẹni tó ti rí ogun mẹ́ta. Pa Njikam kì í pè é ní ẹ̀tàn. Ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá ó ti dàgbà, mo ní ó ti sùn nínú ilẹ̀. Irọ́ dà níbẹ̀?"

Ojú Pa ti ń ṣe bàìbàì. Ó rí agogo méjì nídìí ògiri, ó fi ọsàn àti iyọ̀ pa méjèèjì, ó sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti tẹ́.

Ndam kò bẹ̀rù nígbà tó dé. Ó ní bí a bá hú u kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, á rí tótòtó bí ara ẹlẹ́tẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Ó ní kí a dúró. Ó ní, "Ìyá kì í ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀. Màá mọ tèmi." Mo gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbádùn oúnjẹ mọ́. Bí wọ́n bá gbé òkèlè àgbàdo àti ẹ̀fọ́ síwájú mi, màá máa wo aṣọ dúdú yẹn láti ẹnu ọ̀nà, màá máa ronú pé bí ológìnní bá fò lé e, agolo mílíìkì ni yóò yí jáde.

Ọjọ́ pé. Ìyá kò sì mọ ọmọ.

Pa Njikam gbọ́ pé a ti ń pẹ́ jù, ó fi ọ̀pá tọ ọ̀nà wá bá wa.

"Kí lẹ̀ ń wò bí ẹni pé ẹyin ni? Ẹ gbé e wá."

Ndam gbé èkíní lé e lọ́wọ́. Bàbá arúgbó náà wọn ìwúwo rẹ̀, ó fi èékánná ta á, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ahọ́n kan etí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Ó ní kí wọ́n fún òun ní igi. Ó lu èkíní. Ohùn náà jáde, ó gùn, ó wá tẹ̀ nídìí bí ẹni tó fẹ́ sunkún tó sì rántí pé àlejò wà nílé. Ó lu èkejì. Bákan náà ni.

"Ta ló dà wọ́n?"

"Èmi ni mo da ọ̀kan, Pa."

"Ta ló da ìkejì?"

Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí agolo mílíìkì. Nígbà tí mo máa fi parí, Pa ti wá ibi jókòó sí.

"Agogo ilé Njí," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo da iyọ̀ sí i lára. Èmi. Ní ọjọ́ ogbó mi."

"Ẹ ò mọ̀, Pa."

"Ìyẹn ni màá sọ tí wọ́n bá dé? Pé n kò mọ̀?" Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ndam, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ìwọ yìí. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti wà nídìí iná, n kò da irú èyí rí. Bí mo ṣe ń wí yìí, n kò mọ̀ bóyá kí n súre fún ọ ni àbí kí n fi ọ̀pá yìí fọ́ ọ lórí."

"Ẹ kọ́kọ́ bá wa mọ̀ ọ́n, Pa," Ndam wí. "Lẹ́yìn náà kí ẹ fọ́ mi lórí."

Pa ronú díẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà. Idẹ àtijọ́, bàbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ pupa. Idẹ tiwa, ẹnu ẹ̀rọ omi ni, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyeyè. Kí Ndam mú fáìlì, kí ó ha ìsàlẹ̀ ọ̀kan níbi tí ojú kò tó, díẹ̀ bí ẹni họ ara. Kíá ni wọ́n á mọ̀.

Ndam ti dìde lọ mú un. Ó jókòó, ó gbé agogo kan sáàárín orúnkún, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo rí àwọn ìka yẹn, àwọn ìka tó ti ran ìda bí òwú, tó ti nu omijé lójú mi lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sì rí i pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo na ọwọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó fẹ́ ha.

"Irin ni," mo wí.

"Díẹ̀ ni, Rahi. Bó bá jẹ́ tèmi, kò sí wàhálà."

"Bó bá jẹ́ tiwa ńkọ́?"

"A ó ti mọ̀ pé tiyín ni. Ta ló máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

"Èmi. Ojoojúmọ́ ayé mi ni màá máa wò ó." N kò gbé ọwọ́ kúrò. "Mo ti jí i. Ẹ ti da iyọ̀ sí i lára. Ẹ jẹ́ kó tó."

Ó yọ fáìlì náà sẹ́yìn. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa. Gbé ọ̀kan lọ nígbà náà. Èyíkéyìí. Gbé e sábẹ́ aṣọ, kó agolo rẹ kúrò. Ta ló máa mọ̀? Èmi tí mo dà á kò mọ̀."

Mo ronú sí i, n kò ní purọ́. Mo fi ọwọ́ kan èkíní, mo fi ọwọ́ kan èkejì. Mo wá rí bàbá mi lọ́kàn mi, tó dúró níwájú ìránṣẹ́ Mfọn nínú agbádá rẹ̀, tó ń lu ẹnu ẹ̀rọ omi, tó rò pé àwọn baba òun ló ń dá òun lóhùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá pè é ní Njí, èmi yóò máa ka ìka mi méjì: bóyá ni, bóyá kọ́.

"Lọ́la," mo wí, "màá gbé méjèèjì lọ fún un."

Pa Njikam mí kanlẹ̀. Ndam wo mí títí.

"Ó máa lé mi kúrò nílùú, Rahi."

"Bóyá."

"O kò ní sọ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

"N kò mọ̀, Ndam. Ká ní mo mọ̀ ni, ara mi ì bá má gbọ̀n."

Mo fẹ́ dé yàrá bàbá bàbá mi kí ẹnikẹ́ni tó ṣí aṣọ náà. N kò bá a. Nígbà tí mo fi máa di agogo méjèèjì mọ́ inú aṣọ ìró bí ẹrù ìfọṣọ, tí mo sì gbé e sórí dé ilé ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin ti kírun dé, Màmá Mandu sì ti wọ yàrá. Àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin ni, òun ló fọ agogo náà nígbà tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó láyé àtijọ́. Ó jókòó sórí ẹní, abọ́ omi àti osùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agolo mílíìkì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi dúró nídìí fèrèsé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Rahimatu, ó dáa bó o ṣe dé," Màmá Mandu wí. "Ojú arúgbó lè máa tanni. Wá bá mi wò ó. Ṣé agogo lèyí, àbí mílíìkì ni bàbá rẹ máa lù fún ìránṣẹ́ Mfọn lọ́la? Kí n tètè lọ wá ṣúgà."

Mo sọ ẹrù kalẹ̀. Mo lóṣòó, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bí a ṣe ń ṣe níwájú àgbà, mo sì sọ ọ́. N kò gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mo tú aṣọ ìró náà, agogo méjèèjì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ bí ìbejì.

Bàbá mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Ndam ni, Bàbá. Ọmọ àbúrò Pa Njikam."

"Èyí tó ń fẹ́ ẹwìrì."

"Èyí tó ń da idẹ, Bàbá."

Màmá Mandu rẹ́rìn-ín sínú abọ́ omi. Bàbá mi yí ojú sí i. "Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́ rí, Màmá. Èwo ni?"

"Gbé igi wá."

Ó di ojú. Mo lu èkíní fún un. Ó mi orí, omi ti ń yọ lójú rẹ̀. "Òun nìyẹn. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Bàbá mi ti ń na ọwọ́ sí i. Mo lu èkejì. Màmá Mandu la ojú.

"Òun náà nìyẹn," ó wí.

"Màmá, ẹyọ kan ni."

"Mo mọ̀ pé ẹyọ kan ni. Mò ń sọ ohun tí mo gbọ́ fún ọ."

Nígbà náà ni bàbá mi jókòó sórí ibùsùn bàbá rẹ̀, ibi tí kò tíì jókòó sí rí. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba bàbá mi. Ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí wa, nínú àgbàlá, mo ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó ti ti Kutaba dé, tó ń bi àwọn obìnrin léèrè ibi tí wọ́n máa gbé àga sí.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá. Àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀."

Wọ́n pè é. Ndam wọlé, ó lóṣòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò gbójú sókè. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, àmọ́ dúdú iná ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn débi pé àyà ń dùn mí.

"Súnmọ́ ibí," bàbá mi wí. "Méjì nìyí. Gbé tìrẹ, kí o fi tèmi sílẹ̀. Bó o bá gbé tìrẹ, jáde nílé mi, n kò rí ọ. Bó o bá gbé tèmi, ìwọ àti Fumban ti parí."

Ndam wo wọ́n. Ó wo ejò, ó wo etí, ó wo ẹnu. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí apá òsì, tó dúró, tó lọ sí apá ọ̀tún. Omi ń kán láti ìka Màmá Mandu. Mo ń gbàdúrà, n kò sì mọ ohun tí mò ń tọrọ. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Mo lè gbé ọ̀kan, Njí. Ọwọ́ mi lè bọ́ sí i. Àmọ́ irọ́ ni màá fi ṣe. N kò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ lo dà á."

"Èmi ni mo dà á. Mo dà á kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ ọ́n. N kò rántí yọ ara mi kúrò."

"Pa Njikam kò ní fáìlì ni?"

"Ó ní in. Mo ti gbé e lé e. Ọmọ yín ni kò jẹ́."

Bàbá mi wo mí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ó ṣe dáadáa," Màmá Mandu wí. "Tí irin bá máa kàn án, kó máà jẹ́ nígbà ayé mi."

Bàbá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ka nǹkan lórí ìka. "Ènìyàn márùn-ún ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́ta nínú wa jẹ́ ará ilé. Pa Njikam, àṣírí ilé ọlá ló fi dàgbà, n kò bẹ̀rù rẹ̀. Ó ku ìwọ." Ó nawọ́ sí Ndam. "Ẹni tó wà lóde tó mọ ohun tó wà nínú ilé, nǹkan méjì ni wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n á lé e jìnnà, tàbí kí wọ́n mú un wọlé."

"Tó bá lọ jìnnà, á rí etí tó jìnnà sọ ọ́ sí," Màmá Mandu wí bí ẹni pé osùn ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀, Màmá. Ohun tí mò ń rò nìyẹn." Ó mí. "Bàbá àti ìyá rẹ á wá rí mi lẹ́yìn ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Agogo méjèèjì yìí, ilé yìí ló ni ín. O kò ní tọ́ka sí i fún ẹnikẹ́ni láyé. Pa Njikam kò ní ka iṣẹ́ yìí fún ọ. O kò sì ní da irú rẹ̀ mọ́. Wá nǹkan mìíràn fi gba iná tìrẹ."

"Mo gbọ́, Njí."

"N kò tíì jẹ Njí. Ó di ọ̀la."

Mo ti fojú inú wo ọjọ́ tí wọ́n máa fi mí fún ọkùnrin yìí láìmọye ìgbà. Nínú gbogbo rẹ̀, òdòdó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ dídùn. Báyìí ni wọ́n wá ṣe fi mí sílé ọkọ, bí ẹni wá ìdérí dé ìkòkò kí òórùn má bàa jáde. N kò kọ̀ ọ́. Nígbà tí a jáde, mo rò pé Ndam á di ọwọ́ mi mú. Ó dúró nínú oòrùn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ohun tó dára jù tí mo ṣe láyé mi," ó wí, "n kò ní lè pè é ní tèmi."

"Inú ń bí ọ sí mi?"

"Rárá. Mò ń sọ fún ọ ni, nítorí n kò ní lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn."

Màmá Mandu fọ méjèèjì. Ó gbé méjèèjì sábẹ́ aṣọ dúdú kan ṣoṣo. Bàbá mi ní òun á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, èyí tí ọwọ́ bá bà ni òun á gbé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àgbàlá kún títí dé ojú ọ̀nà. Àwọn ìránṣẹ́ Mfọn jókòó níwájú, àbúrò bàbá mi láti Kutaba sì jókòó níbi tó ti lè rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Ndam wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ báyìí pé wọ́n fẹ́ fi mí fún un, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wa. Bàbá mi tẹ̀ síwájú. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì rí i tí àbúrò rẹ̀ na ọrùn. Agogo kan jáde.

Ó lù ú. Ohùn náà la àgbàlá já, ìdílé sì dáhùn.

Ndam tẹ orí sí etí mi. "Tèmi ni," ó wí.

Bàbá mi lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdílé dáhùn.

"Rárá," Ndam wí. "Rárá, Rahi. Kì í ṣe tèmi."

Mo wá ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìborùn mi, mo dì í mú. Bàbá mi tún gbé igi náà sókè.